Ọgbà Àjọni

Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọgbà ni ohun tó yí ilẹ̀ ká,
ọgbà náà ni ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.
Ọdún méjìlélógójì ni a fi wo èyí tó yí i ká
bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.
Bàbá mi ló ra wáyà ní Adó,
bàbá Bùsúyì gé òpó tíìkì mẹ́tàdínlógún,
wọ́n jọ gbẹ́ kòtò, wọ́n jọ mu ẹmu lé e.
Ewúrẹ́ nìkan ni wáyà náà ń dá dúró.
Ata ń kọjá. Iná ń kọjá.
Ìkíni ń kọjá kí oòrùn tó gun orí òkè.

Ní Ẹ̀fọ̀n, òkè ló ṣe ọgbà yí wa ká,
kò sì bi ẹnikẹ́ni kó tó dúró.
Èmi kì í ṣe òkè. Mo ní láti bèèrè.

Ìyá mi ni. Láti ìgbà òjò àrọ̀kúrò tó kọjá
ni orúkọ nǹkan ti ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀
bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù.
Balùwẹ̀ ń bà á lẹ́rù; ó ní ẹnìkan ń bẹ nínú ògiri.
Àfi kí n gbé àpótí sí ìdí ọsàn, nínú oòrùn aago mẹ́wàá,
kí n rọra bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i léjìká,
kí n máa wí fún un pé, "Iye mi, omi ni. Omi ni."
Obìnrin tó hun kíjìpá fún ìyàwó bí ọgbọ̀n,
tí kì í ṣí gèlè lójú àlejò,
ó wá jókòó ní ìhòòhò
níwájú wáyà tí ojú rẹ̀ kò lóǹkà.
Àwọn ọmọ Bùsúyì kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.
Wọ́n kàn dúró.
Dídúró yẹn ló mú mi lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi bí ẹni to iṣu sínú àká,
ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni:
"Mo fẹ́ fi ọparun dí wáyà yẹn."
Bùsúyì gbé ife tíì sílẹ̀. "Kí la ṣe?"
Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi.
Mojírọ̀lá, ìyàwó rẹ̀, ló dá a lóhùn láti ìdí ààrò:
"A ò ṣe nǹkan kan. Ìyá ń wẹ̀ níbẹ̀ ni."

Ní Sátidé, ó gbé àdá dé, kò dúró kí n pè é.
A la ọparun sí méjì méjì,
a fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ wáyà àwọn bàbá wa.
Ó ní kí ẹ̀yìn tó ń dán kọjú sí Ìyá;
inú rẹ̀ àti kókó rẹ̀ ni kí òun máa wò.
Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó ń wò mí, mo ń wò ó.
Mo so ó.

Ọparun ń dí ojú, kò dí etí.
Mo ń gbọ́ bí Mojírọ̀lá ti ń rọra gbé garawa sílẹ̀.
Bóyá ó ń gbọ́ ẹkún mi, tí n kì í sun tẹ́lẹ̀,
torí kò síbi tí mo ti lè sun ún.

Lánàá, Ìyá na ọwọ́ ọlọ́ṣẹ,
ó kan ọparun lẹ́ẹ̀mẹta, bí àlejò.
"Ta ni ń bẹ nínú ulé yẹn?"
Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan, jẹ́jẹ́:
"Bùsúyì ni o, Iye. Ẹ kú ìwẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. "Bùsúyì," ó ní, "Bùsúyì olórí ńlá."

Orúkọ tèmi, ó ti pé oṣù mẹ́ta tó ti sọ ọ́ nù.
Mo bu omi.
Omi ni, mo ní. Omi ni.