Ẹ̀yìn Orí Adéṣuyì

Fídíò náà ti Lọ́ńdọ̀nù dé nínú páálí bàtà.
A kó ara wa jọ sí pálọ̀ l'Ókèsà,
jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé.
Ogójì ìṣẹ́jú la fi wo òyìnbó
tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń jà sógún.
Ilẹ̀kùn wá ṣí.
Ọkùnrin dúdú kan gbé tíréè wọlé,
ó gbé e kalẹ̀, ó jáde.
A ò rójú rẹ̀.

"Adéṣuyì ni!" Yèyé ti fò dìde.
"Àpá ẹ̀yìn orí yẹn, èmi ni mo fi omi gbóná jó o
lọ́jọ́ tó já bọ́ lórí igi ọsàn."

Ọdún mẹ́ta ni bùọ̀dá mi fi kọ́ṣẹ́ eré lọ́hùn-ún,
ó gbàwé ẹ̀rí.
Lẹ́tà rẹ̀ ní: lánàá mo jẹ́ olè,
lọ́la màá jẹ́ òkú ẹ̀bá ọ̀nà.
Wọ́n tiẹ̀ fi mí jọba rí,
wọ́n ní kí n máa pariwo èdè tí kò sí níbì kan;
mo fi Ìjẹ̀ṣà bú wọn,
wọ́n pàtẹ́wọ́.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n.
Mo kà á fún Yèyé: "Ìránṣẹ́ Kejì."
"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

N ò fèsì.
Yèyé, ọmọ òṣómàálò, ká ìró sókè,
ó lóṣòó síwájú tẹlifíṣọ̀n
bí bàbá rẹ̀ ti í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Epo tán. Jẹnẹrétọ̀ kú.
Kò dìde.