Omi Tí Kì Í Mí

Alẹ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń yọ̀ǹda Orímisan
níbi iṣẹ́ ọdẹ tó ń ṣe nílé ìlagi ní Parákin.
Á kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀mejì, kò ní í pe orúkọ ẹnikẹ́ni.
Màmá mi á ní, "Máa lọ, ṣùgbọ́n wọ súẹ́tà."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà.
Èmi gbé agolo ekòló, òun gbé ìyókù:
ìwọ̀ mẹ́rin, okùn tó wé mọ́ ìgò ọtí,
gààrí nínú ọ̀rá, ẹ̀pà,
tọ́ọ̀ṣì tí a ní láti gbá nípàkọ́ kó tó tàn.

A gba ẹ̀yìn oko kòkó sọ̀ kalẹ̀ sí adágún Ọ̀pá.
Ìrì inú koríko mu wá dé orúnkún.
Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbúròó wa;
nígbà tó yá, wọ́n rí i pé a ò jọ nǹkankan,
wọ́n bá ariwo wọn lọ.

Orímisan bọ́ bàtà.
"Ẹni tó wọ bàtà kí omi, àfojúdi ló ṣe."
Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dúró pẹ́
bí ẹni tó ń retí kí wọ́n jẹ́ òun.
Lẹ́yìn náà ló ní, "Omi yìí kì í mí."

Ó ní omi ilé àwọn máa ń mí.
Á fà sẹ́yìn, á tún padà wá,
ọmọdé á sùn lórí ẹní, á sì mọ̀
pé ẹnìkan tó tóbi ju bàbá òun lọ wà lójúfò.
Ó ní lálẹ́, ọkùnrin méjìlá a tò sí etí òkun,
wọn a ju okùn kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́,
wọn a so ó mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, wọn a sùn.
Ẹja ló ń jí wọn.

"Ilé yín ńkọ́?" ni mo bi í.
Ó fi ekòló kọ́ ìwọ̀ tán kó tó fèsì.
"Yàrá ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìdáná.
Ọdún tó tẹ̀lé e, igi ni mo fi ń gún inú omi,
mò ń wá ibi tí ẹnu ọ̀nà wà."
Ó ju ìwọ̀. Ó ró tó! lójú omi.
"Ẹja ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Wọn kì í sanwó ilé."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tètè tán.

Ẹ̀fọn jẹ wá,
àfi bí ẹni pé àwa la kọ́kọ́ jẹ wọ́n ní gbèsè.
Nǹkan kan fa okùn mi, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì.
"Má fà á! Dẹ̀ ẹ́ fún un, kó rò pé tirẹ̀ ni."
Mo fà á. Okùn já.
Kò bá mi wí. Ó so òmíràn, ó fi eyín gé ìdí rẹ̀.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́ta kó tó nà ró ṣánṣán.
"Gbọ́."
Mo tẹ́tí. Lọ́ọ̀ọ́kán, lójú títì Ìbàdàn,
tírélà kan ń gòkè bọ̀, ó hó, ó hó, ó kọjá.
Gbogbo ẹ̀ pa rọ́rọ́. Òmíràn tún dé.
"Ṣó o gbọ́ ọ?" Ó ti di ojú.
"Ó ń mí."

Tírélà ni, mo mọ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí,
láti inú oyún ni mo ti ń gbọ́ wọn,
mo mọ ìró èyí tó ru gẹdú yàtọ̀ sí ti èyí tó kó màlúù.
Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, sà."
Ó so okùn mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sùn.

Wọ́n ní Ifẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá.
Lọ́jọ́ yẹn, ó pẹ́ kó tó dé.
Epìyà méjì la rí, ọ̀kan ò tó àtẹ́lẹwọ́,
ó dá a padà; ó ní kí n gbé èkejì fún màmá mi,
tó ní iyọ̀ tí òun máa fi sè é wọ́n jù ú lọ.

Ó ti pẹ́. Ilé ìlagi ti di ilé epo,
n ò sì mọ ibi tí Orímisan forí lé.
Ṣùgbọ́n lóru mìíràn,
tí tírélà bá ń gòkè bọ̀, tí fèrèsé ń gbọ̀n,
mo máa ń ká ẹsẹ̀ mi kúrò létí ibùsùn.