Àwọ̀ Ìyèyè

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe ní Kubwa.
Mo mọ funfun ẹyin yàtọ̀ sí funfun ẹfun,
mo mọ àwọ̀ tí oníbàárà ń fẹ́ kó tó lanu.
Àwọ̀ tí mò ń wá láràárọ̀ báyìí
kò sí nínú garawa kankan.

Aago mẹ́fà. Rẹ̀mílẹ́kún tọ̀ sínú ife ike,
oorun ṣì wà lójú rẹ̀.
Mo ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìtọ̀ náà,
mo ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta,
mo gbé e ti ìgò tí wọ́n ya àwọ̀ sí lára.
Bó bá dúró ní ìyèyè, ara tù mí.
Bó bá di ewé, asẹ́ inú kíndìnrín ti tún lu,
ẹyin tó jẹ lánàá ti bá ìtọ̀ lọ.

Òjò ń parí lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀.
Ó jí, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta,
a ní ẹ̀fọn ni.
Bàtà ilé-ìwé kọ̀, kò wọ ẹsẹ̀ mọ́,
a ní ọmọ ń dàgbà.
Ní Gwagwalada, Dókítà Talatu fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀:
ihò kan kù síbẹ̀, kò dí,
bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan ọ̀dà tí kò tíì gbẹ.

Pirẹdinisólóònù ló kọ fún wa,
orúkọ tó gùn ju ọmọ tó máa lò ó lọ.
Mẹ́jọ láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kò gbọdọ̀ yẹ̀.
“Bàbá Rẹ̀mí, ẹ gbọ́ o:
oògùn yìí á dí ojú ihò náà,
á sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ara.”

Ó gbà á lóòótọ́.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi ń wú bí búrẹ́dì inú ààrò.
Ebi ń jí i láago méjì òru,
ó jókòó ti ìkòkò ìrẹsì tí kò níyọ̀,
ó ń bú mi pé ahun ni mí.
Ọmọ tí kì í bínú ju bàtà lu ògiri.
Màmá Ene, ará ilé wa, gbá a mọ́ra:
“Ọpẹ́ o, ó ti sanra!”
Mi ò dáhùn. Wíwú àìsàn, wíwú oògùn,
ta ni n ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn?

Èmi náà ló ṣẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà,
ìyèyè ti dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá,
mo ní ó tó. Mo kó oògùn sórí kọ́bọ́ọ̀dù.
Ọjọ́ kẹta, Rẹ̀mí bì, ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tútù.
A gba ọ̀nà Zuba lóru,
ọkọ̀ kan ṣoṣo tó dúró ni ti ẹlẹ́ran,
ewúrẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn, àwa níwájú.
Dókítà kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Ó ní ara ní irú oògùn náà tó ń sè fúnra rẹ̀;
nígbà tí tòde dé, ó paná ààrò, ó sùn.
A kì í lé àlejò lọ kí onílé tó jí.
Mẹ́jọ á di mẹ́fà, ojoojúmọ́
á di ọjọ́ kan lílò, ọjọ́ kan fífò,
díẹ̀díẹ̀, títí ààrò á fi tún gbaná.

Ó yẹ kí n mọ̀.
Ta ló ń kun ìpele kejì
sórí èyí tí kò tíì gbẹ?

Ọyẹ́ ti dé. Eruku bo ògiri tí mo kùn lánàá.
Ọmọ ilé kejì ń húkọ́, mo ti ilẹ̀kùn,
nítorí oògùn náà ti ní kí àwọn ọmọ-ogun inú ara Rẹ̀mí jókòó.

Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ka ọgọ́ta.
Ó fo mọ́kàndínláàádọ́ta; mo dá a padà.
A gbé bébà náà sójú fèrèsé.
Mo ní ìyèyè ni.
Ó wò ó, ó wò mí:
“Bàbá, ìyèyè tí kò tíì pọ́n.”
Mo kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.