Èjìká Òsì

Kò sí egungun kan tó dá.
Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn.
Orúnkún ọmọ kan ló bá ìhà Fọlárìn pàdé
ní pápá ẹlẹ́rẹ̀ kan ní Hull, níbi tí atẹ́gùn odò Họ́ńbà
ti ń gé ni létí bí abẹ, ní oṣù kejì.
Ó ṣubú. Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì yí lọ.
Èmi ni mo kígbe láti ẹ̀yìn ìlà funfun:
"Dìde! Ṣé ẹyin ni ẹ́ ni?"
Ó dìde.
Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ó tún fi ogún ìṣẹ́jú sáré.
Garside, olùkọ́ wọn, di yìnyín sínú ọ̀rá,
ó tẹ̀ ẹ́ níhà, ó ní, "Bó bá ṣẹ́ ni, ì bá ti ké."
Òótọ́ ni. Kò ké.
Ìgànnà ni ìhà; a wo ìgànnà,
a rí i pé ó dúró,
a kò béèrè ẹni tó sùn sẹ́yìn rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, lójú ọ̀nà Holderness,
ó ní, "Dádì, èjìká mi."
Èwo?
"Ti òsì."
Wọn kò kúkú gbá ẹ léjìká.
"Mo mọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bò ó fún mi, mo rẹ́rìn-ín.
A délé, mo ṣí Róòbù,
mo fi pa èjìká tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn,
mo ń pa á, mo ń ròyìn bí èmi náà ṣe gbá bọ́ọ̀lù n'Ílá,
tí mo fi kókósẹ̀ wíwú gbá ìdíje parí.
Ó ń gbọ́. Ó béèrè omi.
Ó tún béèrè omi.

Ìrora a máa rìnrìn àjò.
A máa fi ilé tí wọ́n ti lù ú sílẹ̀,
a lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.
Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ikùn kì í pariwo,
kì í ta sí aṣọ kí ìyá rí i fọ̀.

Bísóyè dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
kò tíì bọ́ kóòtù,
ó fa ìpéǹpéjú ọmọ náà wálẹ̀,
ó fọwọ́ kan òógùn tútù níwájú orí rẹ̀.
"Ta ló fi eérú kun ọmọ mi?"
Mo ní òtútù ni.
Kò dá mi lóhùn. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló tẹ̀.

Dókítà kan tó kéré sí àbúrò mi ìkẹyìn
fi ohun èlò tútù ra á níkùn,
ó nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ: òkùnkùn kan, bí adágún.
"Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn." Ó ní sípílíìnì ló ya.
N kò mọ̀ ọ́n ní èdè wa.
Láago méjì òru mo pe ìyá mi n'Ílá,
mo júwe ibi tó wà. Ó ní ọlọ inú ni.
Ọlọ! Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn,
mo ń ro òkúta tí a fi ń lọ ata.
Èyí kì í ṣe òkúta. Ó rọ̀ ju mọ́ínmọ́ín lọ,
kò ju ìkúùkù lọ,
ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa lójoojúmọ́ láìgbowó,
ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò sì kí i rí.

Wọ́n yọ ọ́.
Fọlárìn ń lo oògùn kan láràárọ̀ báyìí,
ó ń fi àpá rẹ̀ yangàn fáwọn ọ̀rẹ́.
Bí ọmọ ẹlòmíì bá ṣubú ní pápá
tí àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe,
èmi ni wèrè tó ń sáré wọ inú ẹrẹ̀:
ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ bi í nípa èjìká rẹ̀.

Róòbù náà ṣì wà lójú fèrèsé,
ojú ìka mi méjì ṣì wà nínú rẹ̀.
N kò tíì lè dé e.