Tannápoṣó Lẹ́yìnkùlé

Ẹyọ mọ́kànlá ni mo ṣà
lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kankan kò dé mọ́,
níbi tí bàbá mi ti ń fi àsíá pupa dá irin dúró
nígbà tí Ṣábẹ ṣì ń gbọ́ fèrè lójoojúmọ́.
Dúdú ni wọ́n, wọ́n hunjọ bí iyèré.
Mo sọ wọ́n sápò ṣòkòtò, mo gbàgbé,
àfi ìgbà tí ìyàwó mi rẹ aṣọ sínú báàfù mọ́jú
tó wá bi mí láàárọ̀:
“Ata ni àbí ìgbẹ́ ewúrẹ́?”

Mo ní òdòdó ni.
Ó wò mí bí ẹni tí olówó èlé ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀kùn rẹ̀.
Omi òru yẹn ló sì rọ èèpo wọn.
Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lórí wọn,
ìgbàgbé yẹn ló dára jù.

Ìka ni mo fi gbẹ́lẹ̀, oríkèé kan péré,
láàárín odó tó fọ́ àti ògiri ilé ìwẹ̀
níbi tí omi ti ń jò gba abẹ́ bíríkì.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, méje yọrí.
Adìẹ Ìyá Fẹlisité tu méjì.
Ọ̀kan kàn rọ, kò ṣàìsàn.
Ó ku mẹ́rin.
Iye ọmọ tí a bí náà nìyẹn:
ọ̀kan ní Kútọnu, ọ̀kan ní Pàràkú,
ọ̀kan ní Gábọ́ọ̀nù tó ń pè bí káàdì bá wà,
ọ̀kan tí a kì í dárúkọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ìyá Fẹlisité yọjú lórí ògiri:
“Ṣé ẹ ń fi sebẹ̀ ni?” Rárá.
“Ṣé ó ń wo ibà?” Rárá.
“Ṣé wọ́n ń rà á?” Ta ni yóò rà á?
Ó ní owó ìfẹ̀yìntì ti yí mi lórí.
Àwọn kan ń pè é ní tannápowó;
mo ti tanná títí, owó kò mọ̀nà ilé.
Àwa ń pè é ní tannápoṣó;
bí oṣó kankan ti kú ládùúgbò yìí,
wọn kò wá sọ fún mi.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.
Ó gbé àpáta Ṣábẹ pamọ́ sínú eruku,
ó lá ewé mi gbẹ, igi wọn kán nílẹ̀.
Ìyàwó mi gbá wọn mọ́ háríhá àgbàdo,
ó ṣáná sí i.
Mo wà lórí àpótí, mo ń wo èéfín.
Kí lèèyàn ń sọ?

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ta iṣu sábẹ́ ilẹ̀,
pé wọn kò tiẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé wa.
Òjò kan rọ̀ lóṣù kẹta,
òjò tí kò tó fọ ẹsẹ̀,
mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì padà.
Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Inú bí mi. Ẹ má bi mí léèrè.
Mo bínú sí ọ̀kan nínú wọn,
mi ò mọ èwo.

Ní báyìí, bí aago márùn-ún bá ti lù,
tí oòrùn bá fẹ̀yìn ti òkè,
wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná.
Pupa àti ìyeyè lórí igi kan náà,
bí ọmọ tó wọ bàtà ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.
Ìyá Fẹlisité ti tọrọ èso mẹ́ta,
ó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ òun gbọ́.

Lánàá, ìyàwó mi gbé àpótí tirẹ̀ wá.
Ó jókòó. Ó ń tú egbò ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ń sà á.
Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa
kó tó sọ pé, “Ìbídùn ìbá ti já gbogbo rẹ̀ tán.”
Mi ò dáhùn.
Mo ń ka èyí tó ti là:
mẹ́fà, méje,
ọ̀kan tún ń ṣí lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn.