Ta Ló Dárúkọ Wàhálà?

Nílé wa ní Pákátà, ọpẹ́ kì í rí ibi bà lé.
Bí o bá ní "Ẹ ṣé" fún Ìyá Sàláwù,
yóò ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń lé eṣinṣin:
"Kí la ṣe? Kí la ṣe, ọmọ mi?
Gbé ọpẹ́ lọ fún Ọlọ́hun."
Yóò wá béèrè ìyá rẹ,
yóò béèrè orúnkún tó ń dun ìyá rẹ,
yóò béèrè ewúrẹ́ yín tó sọnù láti ìgbà ààwẹ̀.
Iyọ̀ agolo kan lo wá yá.
Oòrùn á ti kúrò lára ògiri kó o tó délé.

Tó bá di ọjọ́ kejì, ìwọ náà mọ ojúṣe rẹ:
o ó yà lẹ́nu ọ̀nà, o ó ní, "Ẹ ṣé àná o."
Yóò ṣe bí ẹni tí kò rántí àná.
"Èwo lo tún ń dúpẹ́ rẹ̀ sí?"
Ó rántí.
Ká ní o ò yà ni, ì bá rántí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jímọ̀ tó kọjá, táyà mi jò lẹ́bàá afárá Asà.
Ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà,
ó tú nọ́ọ̀tì, ó bá mi pààrọ̀ táyà,
gíríìsì kun jalabíà funfun tó wọ̀ lọ kírun.
Mo ní, "O ṣé gan-an ni. Ọlọ́hun á san án fún ọ."
Ó ní, "Kò sí wàhálà." Ó ti lọ.
Ọpẹ́ kù sí mi lọ́wọ́
bí ẹni mú owó dání tí ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́.

Wàhálà? Ta ló dárúkọ wàhálà?
Èmi ń yìn ọ́, ìwọ ń sọ fún mi pé kò nira.
Ṣé ká ní ó nira, o ò bá má yà?
Mo ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò délé,
bí ahọ́n ṣe ń tọ́ eyín tó ń dunni wò.

Nílé, Ìyá Sàláwù wà lórí ẹní,
Rísíkátù, àbíkẹ́yìn mi, ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀,
fóònù há sáàárín èjìká òun etí.
Ìyá ní, "O ṣé, ọmọ mi."
Ọmọ ò gbójú sókè. "Kò sí wàhálà, Ìyá."
Mo ti yanu tán láti bá a wí
nígbà tí Ìyá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì,
tó fi wọ́n ra ojú:
"Àmín. Àmín o.
Wàhálà ò ní sí. Nínú ilé yìí,
lọ́nà Jẹ́bà tí bàbá rẹ ń ná.
Ẹ ẹ̀ gbọ́ àdúà tọ́mọdé ṣe fún mi?"

Rísíkátù wò mí. Ó gbé fóònù kúrò létí.
"Àmín," lòun náà wí, jẹ́jẹ́,
bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù lé lórí
tí kò mọ̀ pé òun ló dì í.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún gba afárá Asà.
Mo wojú ọlọ́kadà títí, n ò rí tèmi.
"O ṣé àná" wà lẹ́nu mi.
Mo tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo kọjá.