Ife Tíì Lálẹ́ Ìṣínu Ìkẹyìn

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, ọjà Ẹ̀pẹ́ kún
bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Ẹni tó ń ra léèsì ń ti ẹni tó ń ra àlùbọ́sà,
ọ̀kadà ń fọn fèrè láàárín tòmátì,
ẹlẹ́ja ń ké láti ọ̀nà Olúwo pé ẹja òun ṣì ń mí.
Gbogbo wa lebi ń pa, gbogbo wa là ń kánjú
kí oòrùn tó wọ̀.

Àǹtí Sìdíkátù ti kìlọ̀ fún mi láti ilé.
Ó pín owó tirẹ̀ sí mẹ́ta: díẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀,
díẹ̀ létí ìró, èyí tó kù nínú páálí ọṣẹ tó ti tán.
"Olè wo ló máa jí páálí ọṣẹ?"
Ó mú báírò, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sápá Kúbúrá, ọmọ ọdún márùn-ún,
láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́,
ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń ká apá kò.
Ó ní kí n gbé báàgì mi sáyà.
Mo ní, "Àǹtí, mo ti gbé Èkó rí."
Ẹ̀yìn ni mo gbé e kọ́,
bí ẹni pọn ọmọ tí kò ní sunkún.

N ò gbọ́ nǹkan kan. Abẹ ò ní ohùn.
Obìnrin kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má bínú,
mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.
Iwájú oníbàtà ni mo ti mọ̀:
mo na ọwọ́ sẹ́yìn, ìka mi yọ sí òdìkejì báàgì,
márààrún, bí àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé.
Ọ̀kẹ́ kan náírà. Owó bàtà, owó ẹran.

Mo fẹ́ sáré. Ta ni mo fẹ́ lé?
Àǹtí di ọwọ́ mi mú. "Má sáré lójú èrò.
Owó tó lọ ti lọ. Bí o bá ṣubú níbí,
ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ ló máa gba orí ẹ kọjá."
Ìgbà yẹn la wolẹ̀.
Kúbúrá ò sí.

Ẹ jẹ́ kí n má sọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣe gùn tó.
Ohun tí mo rántí ni fóònù tó dún létí ìró Àǹtí,
àti ohùn ọkùnrin kan:
"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni nọ́ńbà tó wà lápá ọmọ yìí?
Ìdí ìrẹsì la wà. Mo ti fún un ní àga."
Músíbáù lorúkọ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀.

Nílé, Àǹtí ò bá mi wí.
Ó lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó já ewé tíì,
ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rin ata ilẹ̀ sí i, ó dé ìkòkò.
Kò fi ṣúgà sí i; ó ní bàbá wa ti bá wa lá tiwa tán.
Ládánì pèrun. Dàbínù kan, omi díẹ̀,
lẹ́yìn náà, ife.

Oru rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú mi.
Inú tó ti ń run láti ọ̀sán rọ̀ díẹ̀díẹ̀,
àyà tó ń já láti ọjà wá jókòó.
Mo bi í pé kí ni tíì yìí ń wò.
"Ó ń lé afẹ́fẹ́ inú, ó ń tu ọ̀fun lára,
ó ń jẹ́ kí èèyàn sùn.
Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru mi, oògùn dókítà ni mò ń lò sí i.
Tíì ò mọ̀wé."
Ó mu díẹ̀. "Kò sì lè dá ọ̀kẹ́ kan padà."

Kúbúrá ṣàlùwàlá títí, nọ́ńbà ò parẹ́.
Ẹnìkan kígbe lójúde pé oṣù ti lé.
Lọ́la, bàtà èṣí ni mo máa wọ̀ lọ Yídì,
mo ti fi òróró dán an.
Abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, mò ń rán báàgì.
Ojú rírán náà máa hàn.
Mo fẹ́ kó hàn.